Ẹyẹ Tí Kì í Sàba

Ẹyẹ tí mo tọ́jú pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ mi kì í sàba. Tó bá ti yé ẹyin sínú yanrìn gbígbóná, tó sì fi ẹsẹ̀ wa yanrìn bò ó, ó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Kò ní padà wá wò ó, kò ní mọ ọjọ́ tó pamọ, ọmọ náà kò sì ní mọ ìyá tó bí i. Ilẹ̀ ló ń bá a sàba. Megapode ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é, ṣùgbọ́n Awalẹ̀ ni èmi sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí kò níṣẹ́ méjì. Ara rẹ̀ kò ju ti àgbébọ̀ adìyẹ lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bíi pé ó yá a lọ́wọ́ ẹyẹ mìíràn. Ilẹ̀ mọ́, ó ń walẹ̀; oòrùn ń wọ̀, ó ṣì ń walẹ̀.

Làmídì ni orúkọ mi, ọmọ Abẹ́òkúta. Jamaica ní Queens ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti dé New York. Bàbá mi sin adìyẹ títí ó fi kú, gbogbo ìgbà èwe mi ni mo sì fi kó ìgbẹ́ adìyẹ, tí mo fi ṣa ẹyin, tí mo fi lé àṣá. Nígbà tí mo ń kúrò nílé, mo bá Ọlọ́run sọ ọ́ kedere pé adìyẹ tí mo bá tún máa fojú kàn, inú ọbẹ̀ ni kó ti wà. Ó gbọ́ mi, ó sì fi mí sídìí iṣẹ́ ẹyẹ. N kò bínú sí I. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, oore tí mo sì rí nídìí ẹyẹ yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè pa mọ́ra lọ.

Ẹrù ni mo kọ́kọ́ ń gbé ní pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ọgbà ẹranko kékeré kan nínú ìlú, èyí tí n kò ní dárúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, awó kan já jáde nínú àgò. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbé àwọ̀n, wọ́n ń sá tẹ̀lé e kiri bí ẹni tí orí ń gbóná. Mo gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, mo lóṣòó, mo rún búrẹ́dì tó wà lápò mi sílẹ̀, mo sì ń ta ahọ́n pọ́ọ́pọ́ọ́ bí a ti ń ṣe nílé wa. Awó náà bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, mo sì rọra mú un ní apá méjèèjì. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò mí. Dolores ni orúkọ rẹ̀. Puerto Rico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, òun sì ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀ka ẹyẹ.

“Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?”

“Bàbá mi ni, mà.”

“Kí ló tún kọ́ ọ?”

“Ó ní kí n má máa sáré tẹ̀lé ohun tó bá níyẹ̀ẹ́, mà.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti bọ́ sí ẹ̀ka ẹyẹ. Ms. Dolores ló kọ́ mi ní iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ti ń fi ìgbẹ́ ẹyẹ mọ àìsàn rẹ̀, àti bí a ti ń wọ inú àgò láì da ọkàn ẹyẹ rú. Mo ní àṣà kan tó ń ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú: ní àárọ̀, mo máa ń lọ láti àgò dé àgò, n óò máa kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan pé ṣé ó jí dáadáa. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ms. Dolores gbọ́, ó ní kí n má jáwọ́ rárá, nítorí ẹyẹ tí kò bá yí orí bó ti máa ń yí i nígbà tí mo bá kí i, ẹyẹ náà kò gbádùn. Bí ìkíni ilé wa ṣe di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn.

Ẹyẹ mìíràn ń bímọ lọ́wọ́ wa. Akọ àti abo Awalẹ̀ tí wọ́n gbé wá bá wa nìkan ni kò ṣe é ṣe. A tẹ́ yanrìn sílẹ̀ fún wọn, a fi wáyà iná sísàlẹ̀ rẹ̀ kó lè gbóná bíi ti ìlú wọn. Abo ń yé ẹyin lóòótọ́, àmọ́ orí yanrìn ló ń yé e sí, bí ẹni tó kàn ju nǹkan nù. Bí a bá fi í sílẹ̀, ọbu ni. Bí a bá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń báni sàba ẹyin, ọbu náà ni. Ọdún ń gorí ọdún. Níkẹyìn, àwọn aláṣẹ ọgbà sọ pé bí ọdún yìí bá tún lọ láìsí ọmọ, wọn yóò kó méjèèjì lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn yóò sì fi ilé wọn sí ẹyẹ tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti wò. Òpin ọdún yẹn kan náà ni Ms. Dolores máa fẹ̀yìn tì.

Kò sunkún, kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Ó kàn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Làmídì, kò sí irú ẹyẹ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jáde lójú mi nínú ilé yìí, àfi èyí. Mo fẹ́ rí ẹyọ kan ṣoṣo kí n tó lọ.”

“A máa rí i, mà.”

“Má fi ẹnu lásán sọ fún mi. Wá ọ̀nà.”

Ọ̀nà tí a rí ni erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, níbi tí òkè ayọnáyèéfín ti ń mú yanrìn gbóná láti ìsàlẹ̀, tí irú ẹyẹ yìí sì ń jáde láti inú igbó wá yé ẹyin sí i. Ms. Dolores bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹnì kan máa bọ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gbé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́, ó bá ní èmi ni n óò lọ. Ìyàwó mi, Sìdíkátù, gbọ́ ọ, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Bàbá Kàmọ́rù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí leave tẹ́ ẹ máa fi lọ kí àwọn ará ilé l'Abẹ́òkúta, ẹyẹ lẹ wá fẹ́ wọ flight lọ kí?”

“Iṣẹ́ ni.”

“Mo gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn o, àwọn ẹyẹ.”

Mo wọ bàálù títí ara fi ro mí, mo sì wá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí kì í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Èéfín díẹ̀ ń rú lórí òkè, etíkun dúdú bí èédú. Èdè tí wọ́n ń sọ jẹ́ ìyekan Pidgin wa: pikinini ni wọ́n ń pe ọmọdé, ẹni tí kò bá sì mọ nǹkan a ní òun no save. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń gbọ́ ara wa yé.

Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹyẹ náà. Àwọn ará abúlé ló ń ṣe é fúnra wọn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, wọ́n sì ń wa ẹyin níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń tà á. Àmọ́ wọ́n a máa ti apá kan pa, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ títí àwọn àgbà yóò fi tú u sílẹ̀. Orí pèpéle onígi kan ni àlejò máa ń dúró sí wò ó látòkèèrè. Ohun tí mo wá tọrọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ inú ilẹ̀ ẹyẹ náà, kí n fi ọwọ́ ara mi mọ bí ẹyin ṣe ń sùn nínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, òfo ni mo máa mú lọ bá Ms. Dolores.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ dúró de Matiu, àgbà tó ń ṣe olórí àwọn aṣọ́lẹ̀. Mo dé ẹ̀gbẹ́ apá tí wọ́n tì pa. Wọ́n ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀ yí i ká, wọ́n sì so màrìwò mọ́ wọn lórí. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ààlè ni, irú èyí tí bàbá mi máa ń so mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí olè lè mọ̀ pé ó ní olówó. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, inú mi sì ń dùn sí ara mi pé èmi kì í ṣe àlejò tó ń rìn ìrìnkurìn.

Matiu yọ láti inú ilẹ̀ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ruti, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, ó mú igi ìwalẹ̀ dání. Matiu na ọwọ́ sí mi lórí ààlè. Ǹjẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta lè bọ àgbà lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Mo bọ́ bàtà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ènìyàn gíga ni mí. Ẹsẹ̀ mi wà lẹ́yìn ààlè níbi tó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n àyà mi ti wà ní ìhà kejì. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rì. Ihò ẹyẹ ni mo sùn lé, ó sì gbé mi mì dé èjìká, yanrìn gbígbóná kún mi ní irùngbọ̀n. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

“Kí ló ń ṣe ọkùnrin yìí?” Ohùn Ruti nìyẹn lókè orí mi.

“Bóyá oòrùn ni,” ni Matiu dáhùn.

“Ẹ̀yin ni mò ń kí, bàbá,” ni mo wí láti inú ihò.

“Ìwọ ló ń kí,” ni Ruti sọ fún àbúrò rẹ̀, “ilẹ̀ mi ló wó.”

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ilẹ̀ ti ń wá lọ́wọ́ wọn, àti pé Ruti ló ni ibẹ̀. Matiu ń bá a ṣọ́ ọ ni. Àṣé ẹni tí mo kí gan-an kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí. Bí a ti ń ṣe níbìkan, èèwọ̀ ibòmíràn. Mo dìde, mo gbọn yanrìn. Ruti kúnlẹ̀, ó ti apá bọ inú ihò náà, ó sì mú ẹyin kan jáde, gígùn, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Ms. Dolores pé èmi tó rán wá gba ẹyin là ni mo fi àyà fọ́ ọ.

Ruti wò mí títí.

“Níbí, ẹni tó bá wó ihò ẹyẹ ló ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò bá onílẹ̀ ṣiṣẹ́. O máa bá mi walẹ̀ títí ọkọ̀ tó gbé ọ wá yóò fi padà.”

“Nínú ilẹ̀ ẹyẹ, mà?”

“Ṣé orí òkun ni n óò ní kí o wà?”

Bí mo ṣe wọ ibi tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: ìyà ló gbé mi wọlé. N kò jẹ́ kí inú mi tó dùn hàn lójú mi.

Ní ọ̀sán, Ruti fi omi àgbọn se ẹyin tó fọ́ náà nínú ewé, ó sì gbé e síwájú mi. Ó ní ohun tó bá fọ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Mo wo abọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn ẹyẹ náà dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú ẹyin yìí yè, òun ló wá jókòó síwájú mi pẹ̀lú iyọ̀. Àmọ́ a kì í kọ oúnjẹ àgbà tí a ṣẹ̀. Mo wí pé Bísímílà, mo jẹ ẹ́. Pípọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi àyè sílẹ̀ fún funfun. Kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, ó dùn.

Lẹ́yìn tí mo ti tún ihò yẹn ṣe, apá tó ṣí sílẹ̀ ni Ruti mú mi lọ. Iṣẹ́ náà le. Ìdojúbolẹ̀ ni a fi ń ṣe é, wàá máa fi ọwọ́ wa yanrìn jáde títí apá rẹ yóò fi wọlé dé èjìká, tí ooru ilẹ̀ yóò máa fẹ́ sí ọ lójú. A mú ẹyin díẹ̀, a fi díẹ̀ sílẹ̀. Tí a bá ti parí, Ruti a ní kí n da yanrìn padà, ṣùgbọ́n kí n má tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó lè dán, ó ń bínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kejì, a lúgọ sẹ́yìn igi, a ń wo àwọn ẹyẹ bí wọ́n ti ń jáde láti inú igbó. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: wọ́n fi ilẹ̀ líle sílẹ̀, orí ibi tí mo wà lánàá ni wọ́n ń rọ́ lọ. Abo kan walẹ̀ wọ inú ihò tí mo fi ọwọ́ wà títí tí n kò fi rí i mọ́, yanrìn nìkan ló ń fò jáde. Ara mi bù máṣọ.

“Ẹ̀yin lẹ ń túlẹ̀ fún wọn,” ni mo sọ.

“Wọ́n ń bọ́ wa, àwa náà ń túlẹ̀ fún wọn,” ni Ruti wí. “Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ti ibì kan pa títí láé. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wà, á le, koríko á bò ó, ẹyẹ á fi í sílẹ̀.”

Mo rántí yanrìn tiwa ní New York, bó ti tẹ́jú, tó dán, tó le, nítorí pé àwọn àlejò fẹ́ràn ibi tó mọ́. Kì í ṣe pé ẹyẹ wa ya ọ̀dájú. Kò rí ibi wọlé ni.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, mo kí Ruti kí n tó kí Matiu. Ó fún mi ní iṣu, ó sì fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ó ní kí n sọ fún àgbà tó rán mi pé ẹyẹ kò ní kó ìtìjú bá a, kí ó ṣáà jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ms. Dolores, mo sì ro ti ẹyin náà mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?”

“Ó dùn ju ti adìyẹ lọ, mà.”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ bi ẹnì kan léèrè.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Èmi àti òun, tòun ti orúnkún rẹ̀, a ń dojú bolẹ̀ nínú ilé ẹyẹ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò, a ń wa yanrìn dé èjìká, a ń dà á padà láì tẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò ń ráhùn pé ibẹ̀ rí wúruwùru bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ms. Dolores ní kí wọ́n máa ráhùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, abo wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sínú àwọn ihò náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó sì wọ inú ọ̀kan títí ìrù rẹ̀ fi pòórá. Ó jáde, akọ bá a fi yanrìn bò ó. Olùdarí ọgbà fẹ́ kí a hú ẹyin náà sínú ẹ̀rọ. Ms. Dolores kọ̀.

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀,” ló wí. “Bó bá di ọbu, kí wọ́n kó ẹyẹ náà lọ. N kò ní jiyàn mọ́.” Olùdarí gbà láti dúró de ẹyin náà.

Nǹkan tó dùn mí ni pé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé kí ẹyin tó pé. Wọ́n gé àkàrà òyìnbó fún un, wọ́n gba káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, òun ni àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé. Staten Island ló ń gbé. Ó ti wọ ferry láti St. George, ó sì tún wọ ọkọ̀ ojú irin, òtútù náà kò kéré. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo ènìyàn, ó sì dúró sẹ́yìn gíláàsì. Òfin kò gbà mí láyè láti mú un wọ ẹ̀yìn mọ́, òun náà kò sì ní kí n rú u. N óò wà nínú, òun yóò wà níta, a ó mi orí sí ara wa, n óò sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Mo máa ń wo yanrìn náà títí ojú yóò fi máa ro mí. Mo fẹ́ rí ọmọ yẹn jáde ju ohun púpọ̀ tí mo ti fẹ́ láyé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá ẹ̀yìn, mo ń gé ìbẹ́pẹ fún àwọn ẹyẹ, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń lu gíláàsì gbàgbàgbà. Mo rò pé àwọn ọmọ iléèwé ni. Mo fi ìbínú jáde, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ihò kékeré kan wà lójú yanrìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ewé kan ń mì ní igun ilé. Ọmọ Awalẹ̀ kì í dúró dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ti jáde ló ti sá wọ igbó.

Mo yíjú sí gíláàsì. Ms. Dolores ló ń lù ú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan tí n kò gbọ́, ó ń fi ìka júwe bó ṣe tóbi tó, bó ṣe gbọn ara rẹ̀, bó ṣe sáré. Ó sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò rí ọmọ ẹyẹ náà nígbà tó ń jáde. Ojú obìnrin yẹn ni mo rí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ibẹ̀ ni mo ń wò.